Ohun Tí Mo Bá Nínú Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Mi Nígbà Tí Mo Ń Fi Ìda Kùn Ún

Mi ò lè jẹ ìrẹsì mọ́. Láti Sátidé tó kọjá, bí mo bá ti rí i nínú àwo, ó ń ṣe mí bí ẹni pé ó ń rìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìṣòro àwọn ẹlòmíràn níbí, mi ò sì dá sí i rí. Èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ kọ́ ni mí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti ń kẹ̀ nínú mi, kò sì sí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ládùúgbò yìí tí kò ní dé ọjà kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò. Orúkọ tí mo máa fi pe àwọn èèyàn inú rẹ̀ kì í ṣe orúkọ wọn.

Tíṣà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, lágbègbè Àgbádárìgì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa. Ará Òkè Ògùn ni mí, ọkọ́ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lò kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsùlù mú. Nígbà tí mo jókòó ní kíláàsì kìíní, èjìká mi ni orí àwọn tó kù mọ. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí orúkọ yẹn, Tíṣà, máa dùn mọ́ mi. Ìyàwó mi ti kú, ó ti tó ọdún mélòó kan. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún mi ń gbé ní Ìbàdàn. Ìbẹ̀rẹ̀kò ni ilé mi, èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, èmi àti ọkọ̀ búlúù kan tó ti dàgbà.

Ìjọ wa ni mo ti pàdé obìnrin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn. Màá pè é ní Ìyá Sẹ̀nàmi. Opó ni òun náà, ọmọ Ègùn, Àjárá ló ń gbé. Ó ń ta ẹ̀wà, gàrí àti ìrẹsì ní ọjà Àgbàlàtà. Mo mọ̀ pé ìrẹsì wà nínú ohun tó ń tà, kò fi pa mọ́, ó wà lórí àtẹ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ wá fún mi ní ọjọ́ Sátidé. Kò sọ pé òun fẹ́ mi, èmi náà ò sọ nǹkan kan. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ibi tí iyọ̀ wà nílé ìdáná mi. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ bá ti kú nìkan ló máa mọ ohun tí mò ń wí.

Màmá rẹ̀ ń gbé ní abúlé kan létí omi, nítòsí bọ́dà. Ó ní kí n máa fi ọkọ̀ gbé òun lọ kí i lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn. Mo gbà. Inú mi dùn sí i gan-an. Màmá kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀. Ohun tí mo bá bi í, gànjí ni ìdáhùn rẹ̀, dáadáa ni. Ara ńkọ́? Gànjí. Òjò ńkọ́? Gànjí. Wọ́n á bu omi agbọn fún mi, wọ́n á gbé ẹja sísun síwájú mi, màá jókòó lábẹ́ àtíbàbà bí ọkọ ìyàwó. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Hùnsù, tó ń ṣe àtúnṣe ara ọkọ̀, á wá dọ̀bálẹ̀ fún mi. Tóntón ló ń pè mí, bí àwọn ará ọ̀hún ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá wọn. Á ní, "Tóntón, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Àna wa kò gbọdọ̀ fi ọkọ̀ eléruku padà sílé." Á wà á lọ sí etí omi láti lọ fọ̀ ọ́. Ó máa ń pẹ́. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé àwọn nìyẹn: bí ọkùnrin tó ń fẹ́ ọmọ wọn bá dé, àbúrò ìyàwó ló máa fọ ohun tó gbé e wá, ìbáà jẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Mo sọ èyí fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi nílé ìwé. Mo fi yangàn. Mo ní àwọn Ègùn mọ iyì àna.

Ṣé ẹ rí i, mi ò tíì ní ẹni tó fọ ọkọ̀ fún mi rí láìgba kọ́bọ̀.

Bí ọkọ̀ bá ti dé, á mọ́, omi á ṣì máa kán lára rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń rẹlẹ̀. Ìyá Sẹ̀nàmi á ní agbọn tí Màmá fún wa ló wà nínú búùtù, lóòótọ́ ni agbọn sì wà níbẹ̀. Tí a bá fẹ́ gbéra, á wá síwájú mi, á tún kọ́là ẹ̀wù funfun mi ṣe, á ti bírò àpò àyà mi kó dúró dáadáa. Ó fẹ́ràn kí n wọ ẹ̀wù tí mò ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Ó ní ó yẹ mí ju àǹkárá lọ. Lójú ọ̀nà, ó máa ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ gíláàsì kalẹ̀, pé atẹ́gùn ń wọ òun létí. Ooru á mú wa, òógùn á bò mí, mi ò ní sọ ọ́ kalẹ̀. Nítorí etí rẹ̀. Àwọn aṣọ́bodè tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà sì ti mọ̀ mí, mo ti kọ́ ọmọ àwọn míì nínú wọn. Bí wọ́n bá ti rí mi, wọ́n á ní, "Tíṣà! Ẹ kú ìrìn o," wọ́n á gbé igi tí wọ́n fi dí ọ̀nà. Hùnsù, tó máa ń bá wa padà, á jókòó sẹ́yìn, á máa rẹ́rìn-ín. Tí a bá dé Àjárá, á ní òun fẹ́ fi ọkọ̀ gbé agbọn wọ ọjà, òun á dá a padà kílẹ̀ tó ṣú. Ó máa ń dá a padà lóòótọ́.

Nígbà tó yá, a fi ẹnu kò pé kí ọmọ mi wá láti Ìbàdàn, kí á jọ lọ fi ojú rí àwọn ẹbí rẹ̀. Ó pẹ́ kí ọmọ yìí tó gbà. Ó kọ́kọ́ ní òun ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbi tí ìyá òun ń jókòó sí nínú ọkọ̀. Mi ò bá a jà. Mo dákẹ́ títí ó fi gbà fúnra rẹ̀. Nígbà tó gbà, mo wo ọkọ̀ náà, ojú tì mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé etí òkun mọ ohun tí atẹ́gùn iyọ̀ ń ṣe sí irin. Ọ̀dà rẹ̀ ti ṣá, ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí kò fi òróró para lásìkò ọyẹ́. Mo ní èmi fúnra mi ni máa tún un ṣe, nílé, ọwọ́ mi ló máa ṣe é. Mi ò ṣe é rí. Mo wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù, mo lọ ra pólíìṣì, mo ra ìda tí wọ́n fi ń kùn ún lẹ́yìn pólíìṣì, èyí tí wọ́n ń pè ní wax, mo gé síńgílẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ sí wẹ́wẹ́.

Sátidé, àárọ̀. Mo gbé e sábẹ́ igi fúrúùtù kí oòrùn má bàa bá a. Mo fọ̀ ọ́. Mo ṣàṣìṣe níbẹ̀, kànìnkànìn tó ti já sínú yanrìn ni mo fi nu orí rẹ̀, ó sì fá a lára. Mo da omi sí i, mo tún bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é, wọ́n ní kéèyàn máa yí ọwọ́ po lójú kan títí á fi dán, kó tó lọ sí òmíràn. Lẹ́yìn náà wàá fi ìda tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, wàá dúró kó gbẹ, kó funfun, kó tó di pé o nù ún kúrò. Ìgbà tí mo nu ti bọ́nẹ́ẹ̀tì kúrò, ewé igi fúrúùtù hàn nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo rí ojú ara mi. Mo rẹ́rìn-ín, èmi nìkan. Bàbá Rísì aládùúgbò mi yọjú lórí ògiri, ó ní, "Tíṣà, ẹ rọra nù ún o, kí ẹ má kan ẹ́ńjìnnì! Ọkọ ìyàwó àgbà!" Mo ní kó máa bá tiẹ̀ lọ. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Mo ti ṣe iwájú àti òrùlé, mo ti dé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ọwọ́ ọ̀tún. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀dà wú síta bí oówo. Mo fi aṣọ pólíìṣì tẹ̀ ẹ́, mo yí ọwọ́ po bí wọ́n ṣe kọ́ mi... ó fọ́. Ó fọ́ bí èèpo ẹyin. Omi kan yọ níbẹ̀. Mo ní omi tí mo fi fọ ọkọ̀ ni. Mo dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn náà, mo rí ihò kékeré tó yẹ kí omi máa gbà jáde, ó dí. Mo já ẹyọ kan nínú ìgbálẹ̀, mo fi tì í. Ohun tó jáde sí mi lọ́wọ́, ó ki, ó dúdú, ó ń rùn bí omi ògì tí wọ́n gbàgbé sínú ìkòkò tí òkú eku wá bá níbẹ̀. Hóró funfun wà nínú rẹ̀, ó ti wú. Mo rò pé hóró náà ló ń mira. Ìdin ni. Ìdin àti ìrẹsì, wọ́n jọ ara wọn débi pé ojú mi ò tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ó ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́ mi.

Mo mú screwdriver, mo tú pátákó inú ilẹ̀kùn náà. Kò ṣòro rárá. Àwọn ìṣó yíyí tó dè é mọ́lẹ̀ ti dẹ̀, kò sì sí méjì nínú wọn tó jọra, àmì pé wọ́n ti tú u láìmọye ìgbà. Nínú ilẹ̀kùn, ìrẹsì ti dì mọ́ ìsàlẹ̀ bí èèpá ọgbẹ́, pẹ̀lú gírísì, pẹ̀lú ìgbẹ́ aáyán, ọmọńlé kan sì gbẹ mọ́ ọn lára. Mo tú ilẹ̀kùn kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Mo gbé àga ẹ̀yìn sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹni tó bá ń gbé apá ibí yìí mọ̀ pé bí àwọn onífàyàwọ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n á da ìrẹsì sínú ilẹ̀kùn, sábẹ́ àga, síbi tí wọ́n bá ti rí àyè. Mo ti gbọ́ ọ rí, mo sì ti bá wọn rẹ́rìn-ín rí. Ìdí tí gíláàsì kò fi gbọdọ̀ wálẹ̀ nìyẹn, ìrẹsì ni ìbá kàn. Ìdí tí Hùnsù fi ń pẹ́ létí omi nìyẹn. Kì í ṣe etí rẹ̀. Kì í ṣe iyì àna. Èmi tí mò ń na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó jí ègé ṣọ́ọ̀kì, èmi ni mò ń wa fàyàwọ́ ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, pẹ̀lú ẹ̀wù funfun, pẹ̀lú bírò lápò!

Mo bì. Mo bì sí ìdí igi. Mo rántí pé ìrẹsì yìí ni mò ń jẹ. Òun ló wà nínú àpò tí Ìyá Sẹ̀nàmi kó wá fún mi. Mo ti máa ń gbọ́ òórùn kan nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, mo rò pé kẹrosíìnì ìdáná mi ni. Mo rántí pé mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nínú rẹ̀ lọ́jọ́ ìparí táàmù, àwọn ọmọ yẹn lá ọwọ́... mo tún bì.

Ọ̀sán gangan ni Ìyá Sẹ̀nàmi dé, ó gbé fúláàsì oúnjẹ dání. Mo ti wẹ̀, mo tún wẹ̀, òórùn náà ò kúrò lábẹ́ èékánná mi.  Mo na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn tí mo tú sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó. Mo ń retí pé á sunkún, tàbí kó búra pé òun ò mọ̀. Ká ní ó purọ́, bóyá ǹ bá gbà á gbọ́. Ó pòṣé. Ó ní, "Ó ṣẹ́ kù? Hùnsù yìí! Mo sọ fún un kó máa fi ọwọ́ kó o tán."

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí n má wo òun bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé igbó ni mo gbé wọlé ni? Àbí ìbọn? Oúnjẹ ni." Ó ní ta ló wà lójú ọ̀nà yìí tí kò jẹ ẹ́, ṣé pásítọ̀ ni, àbí ọ̀gá ilé ìwé mi? Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ohun tí òun fi ń rán Sẹ̀nàmi nílé ìwé nìyẹn, àti pé ọkọ̀ tí òun ń háyà tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń dá a dúró nígbà gbogbo. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Tí mo bá sọ ọ́, ṣé ẹ máa wà á?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹ ò rí i?" Bí ẹni tó bi ọmọdé ní ìṣirò tí ọmọdé gbà á.

Ohun kan ṣoṣo ló wù mí láti bi í, kò sì rọrùn fún mi láti sọ. Mo ní, "Kọ́là mi ńkọ́? Tí o máa ń tún ṣe, tí a bá fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ Màmá." Ó gbé fúláàsì sílẹ̀.  Ó ní, "Ó máa ń wọ́ ni, Tíṣà." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé nítorí pé ó wọ́ ni, àbí nítorí àwọn tó wà lójú ọ̀nà? Mi ò mọ̀. Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn, mi ò mọ̀.

Lẹ́yìn náà ó ṣe ohun tí mi ò lérò. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gba garawa, ó fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ inú àwọn ilẹ̀kùn náà, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó ìdin yẹn, kò tutọ́, kò yíjú. Ó dá pátákó wọn padà. Ó mú aṣọ pólíìṣì, ó lọ sí ọwọ́ òsì tí mi ò tíì fọwọ́ kàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọwọ́ po, bó ṣe rí i pé mo ṣe é ní ọwọ́ ọ̀tún. Ó fi ìda bò ó. Ó nù ún kúrò. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù mí lọ. Nígbà tó parí, kò síbi tí kò dán lára ọkọ̀ náà. Bàbá Rísì yọjú lórí ògiri, ó ní òun ò gbọdọ̀ wò ó tààrà, pé ojú òun máa fọ́. Ìyá Sẹ̀nàmi gbé fúláàsì rẹ̀, ó rí i pé mi ò ṣí i. Ó ní, "Lọ́la, ṣé a ó lọ kí Màmá?" Ó sì lọ.

Ẹ̀yin ará, ibi tí mò ń bọ̀ nìyí. Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ látòkè, ẹ lè ní wọ́n rẹ́ mi jẹ ni. Lóòótọ́, mi ò mọ̀ nígbà yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ.

Mi ò lè ṣàlàyé rẹ̀ fún yín. Mo jí, mo sọ fún ara mi pé mi ò lọ. Mo lọ sí ìsìn, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kò wo ọ̀dọ̀ mi. Nígbà tí ìsìn parí, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, nínú oòrùn, ó dúró bí ẹni tí kò ní bẹ ẹnikẹ́ni. Mo rò ó pé tí mo bá wà á kọjá lára rẹ̀, kò sẹ́ni tó tún máa mọ ibi tí iyọ̀ wà. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ní abúlé, Màmá ní gànjí. Hùnsù dọ̀bálẹ̀, kò wò mí lójú, ó na ọwọ́ fún kọ́kọ́rọ́. Mo fún un. Mo jẹ ẹja. Mo mọ ohun tí wọ́n ń ṣe létí omi lọ́hùn-ún, mo sì ń jẹ ẹja! Nígbà tí a fẹ́ gbéra, Ìyá Sẹ̀nàmi wá síwájú mi, ó tún kọ́là mi ṣe, mo sì dúró kó tún un ṣe. Lójú ọ̀nà, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè pa ojú dé díẹ̀, ó ní, "Tíṣà! Ọkọ̀ yín ń dán bí tuntun o!" Mo rẹ́rìn-ín sí i. Òógùn bò mí. Mi ò sọ gíláàsì kalẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ẹni tó bẹ̀ mí pé kí n má sọ ọ́ kalẹ̀.

Ohun tó ń rí mi lára nìyẹn, ó ju ìdin lọ. Ìdin, mo fọ̀ ọ́ kúrò lọ́wọ́.

Sátidé tó ń bọ̀ yìí ni ọmọ mi ń bọ̀. Ọkọ̀ yìí ni mo máa fi lọ gbé e ní gáréèjì. Á yìn ín, mo mọ̀, á ní Dádì ti ń ṣe fáàrí. Á jókòó síbi tí ìyá rẹ̀ ń jókòó sí, nítorí ó ní òun lòun máa jókòó síbẹ̀ títí di ọjọ́ tí òun bá fi ọwọ́ ara òun gbé àyè náà fún ẹlòmíràn. Ooru á mú un. Á fẹ́ sọ gíláàsì kalẹ̀, á sì bi mí pé kí ló ń rùn.

Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n fi obìnrin yìí sílẹ̀, kí n padà sí ilé tí kò sí ohùn nínú rẹ̀? Ṣé kí n fẹ́ ẹ, kí n sì ní kí ó fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀? Tí ó bá wá ní òun ò ní fi í sílẹ̀ ńkọ́? Tí ó bá gbà, tí kò sì tún tún kọ́là mi ṣe mọ́ ńkọ́? Ẹ má bú u, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá fẹ́ bú ẹnì kan, ẹ bú mi. Àmọ́ ẹ sọ ohun tí màá ṣe fún mi kó tó di Sátidé.